Owó Ìjókòó

Oṣù méje gbáko ni bàbá mi fi kọ̀ láti dáhùn "ẹ kú iṣẹ́." Ẹni tí kò gbé láàárín Yorùbá lè rò pé ohun kékeré nìyẹn. Kì í ṣe ohun kékeré. Ní Kotobabi, àdúgbò wa ní Accra, ní àwọn ọdún tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, bí ènìyàn bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò kí i, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Bí wọ́n bá sì kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò dáhùn, a jẹ́ pé ìjà wà nílẹ̀. Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn máa ń wo ẹni tó kí wọn lójú, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á dúró títí onítọ̀hún yóò fi kí wọn ní ìkíni tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ìkíni náà ni "ẹ kú ìjókòó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri lẹ́yìn náà bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Káfíńtà ni bàbá mi. Láti Ọ̀ffà ni wọ́n ti wá sí Accra nígbà ọ̀dọ́, kí wọ́n tó fẹ́ ìyá mi, ilé iṣẹ́ káfíńtà ti ìjọba ni wọ́n sì ti lo ayé wọn. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga ilé ìwé, tábìlì àwọn ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Bí o bá wọ ọ́fíìsì ìjọba nígbà yẹn tí wọ́n ní kí o jókòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi lo jókòó lé. Ọdún kejì òmìnira ni ọjọ́ orí wọn pé láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó fún wọn ní ìwé kan, ó ní láti oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n máa lọ gba owó lójú fèrèsé kan ní àárín ìlú, ní oṣooṣù, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn tó kàwé ń pè é lónìí. Nílé wa, owó ìjókòó là ń pè é. Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, lọ́nà ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wo bàbá wọn, ìjọba ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè jókòó." A rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé orúkọ yẹn máa di wàhálà, bẹ́ẹ̀ ó yẹ ká mọ̀, torí bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Bí o bá ní kí ilẹ̀kùn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje, ẹsẹ̀ bàtà méje ni wọ́n máa gé e, ẹnu ọ̀nà rẹ ì báà jẹ́ mẹ́fà.

Wọ́n kọ́kọ́ jókòó lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn mọ́. Wọ́n tún gbogbo ilẹ̀kùn ilé ṣe. Wọ́n tún èyí tí kò bàjẹ́ ṣe. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tábìlì tí ìyá mi ń lò lọ́jà torí pé ó ga jù, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ padà torí pé ó ti wá kúrú jù. Nígbà tí kò sí igi mọ́ nínú ilé tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn, wọ́n gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo ti ń ránṣọ, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi lórí ẹ̀rọ, wọ́n ní ìlà tí mo ń rán wọ́. Ìlà náà kò wọ́. Ìyá mi ní bí Ọlọ́run kò bá wá iṣẹ́ fún bàbá wa, òun yóò padà sí Ọ̀ffà.

Ọlọ́run gbọ́. Fóòmàn ilé iṣẹ́ náà, ará Gã kan, wá bá wọn nílé. Ìjọba tuntun ń kọ́ ilé ìwé káàkiri, iṣẹ́ ti kún ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so férémù fèrèsé pọ̀ láìlo ìṣó. Ó ní kí Bàbá padà wá, òun á máa san owó òòjọ́ fún wọn, bẹ́ńṣì tí wọ́n ń fági lórí rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Bàbá ti ń wá bàtà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gba owó iṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n tún ń gba owó ìjókòó ní òpin oṣù nìyẹn. Ara wọn kò lélẹ̀ sí i. Wọ́n rò ó, wọ́n tún un rò. Ìjọba ń sanwó kí wọ́n jókòó, wọn kì í sì í gba owó ohun tí wọn kò ṣe. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n mú ayùn, wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ńṣì wọn sí ìdajì, wọ́n kan àpótí kékeré kan tí wọ́n á máa jókòó lé. Láti ọjọ́ yẹn, ìjókòó ni bàbá mi ń fági, ìjókòó ni wọ́n ń rẹ́ pákó. Ẹ bi káfíńtà tí ẹ bá mọ̀ bóyá ó rọrùn. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, ìyá mi ń fi òrí ra á fún wọn nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.

Ìgbà yẹn ni wọ́n fi òpin sí "ẹ kú iṣẹ́." Ẹni tó bá kí wọn bẹ́ẹ̀ ti fẹ̀sùn kàn wọ́n nìyẹn, bí wọ́n bá sì dáhùn, wọ́n ti gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ó dé orí àwọn Gã, àwọn náà ní tiwọn: "Ayekoo" ni wọ́n fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni náà á sì ní "yaa ẹi." Èyí ni Bàbá ń dáhùn láìmikàn. Wọ́n ṣàlàyé fún wa nídìí oúnjẹ pé kò sí "iṣẹ́" nínú ayekoo, ẹni tó bá mọ ibi tó wà kó fi han àwọn.

Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá wọn, ó ti yé mi. Ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Gã, ẹ̀ ń jókòó ní Yorùbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn kò yí padà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kì í pẹ́ nígbà yẹn, torí mo mọ ohun tí wọn kò mọ̀: ẹnìkan ń dúró de bẹ́ńṣì yẹn, ẹni náà ni mo sì fẹ́ fẹ́.

Ọmọ Yorùbá ni, Sabon Zongo, àdúgbò àwọn Hausa ní Accra, ni wọ́n bí i sí, Bàbá fúnra wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, Hausa àti Twi ló máa kọ́kọ́ jáde. Kò lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan láìsọ "mepaakyɛw," ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́" ti àwọn Twi. Bàbá máa ń bi í pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ò lè jáde kó má bẹ̀bẹ̀ ná?" Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára, pákó kì í ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́ náà, iye bẹ́ńṣì ni iye òṣìṣẹ́. Ẹni tó ní bẹ́ńṣì ni òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò ní ń gbé igi, ó ń gbá èérún pákó, wọ́n lè ní kó má wá lọ́la. Fóòmàn ti sọ fún un pé, "Ọjọ́ tí Alata àgbà yìí bá lọ, tìẹ ni." Alata ni àwọn Gã ń pe àwa Yorùbá. Àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti sọ pé àwọn kò ní í bá a tọrọ ìyàwó kankan títí yóò fi ní bẹ́ńṣì. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn tí a jọ kọ́ aṣọ rírán ti ń pọn ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ó bẹ̀ mí kí n bá Bàbá sọ ọ́. Mo ní èmi kọ́. Kí n dúró níwájú bàbá mi kí n sọ pé kí wọ́n dìde nídìí iṣẹ́ wọn torí pé mo fẹ́ lọ sílé ọkọ? Ojú á gbà mí tì. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní òun? Níbo ni òun ti máa rí Yorùbá tó tó bẹ́ẹ̀? Àwa méjèèjì wá dákẹ́.

Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́ ní tiẹ̀. Oníbàárà mi ni, èmi ni mo ń rán aṣọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo ń wọn bùbá sí i lára, ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Mo mọ àgbà tó ń bá wí. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un léjìká. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, mà, n ò mọ̀ọ́mọ̀. Bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀.

Bàbá fúnra wọn kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ owó méjèèjì tí wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, a jọ lọ sí Sabon Zongo lọ́dọ̀ Ààfáà tó kọ́ wọn ní kéwú, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo gbé aṣọ tí mo rán fún Ààfáà lọ́wọ́, torí náà mo wà níbẹ̀. Bàbá rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fi bẹ́ńṣì tí wọ́n gé pa mọ́, wọ́n sì béèrè bóyá owó méjèèjì dára fún Mùsùlùmí láti jẹ.

Ààfáà ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń fún ẹ lówó ìjókòó, ṣé ó mọ̀ pé o ń ṣiṣẹ́?"

Bàbá ní, "Ìjọba kan náà ni, Ààfáà. Ọwọ́ ọ̀tún ń san èyí, ọwọ́ òsì ń san tọ̀hún."

"Èmi ò bi ẹ́ léèrè ọwọ́. Ṣé orí mọ̀?"

Nígbà tí a délé tí ìyá mi gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni òun fi pe owó yẹn ní owó ìjókòó, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀fẹ̀ òun ṣe òfin. Wọ́n ní òógùn àtijọ́ ni, iṣẹ́ tí Bàbá ti ṣe tán ni ìjọba ń san. "Bí ẹni tó ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi lánàá bá rí i pé mo tún ń tà lónìí, ṣé ó máa ní kí n dá owó àná padà fóun?" Láti ìgbà yẹn, mo ti gbọ́ tí àwọn tó kàwé jù wá lọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, lórí rédíò àti nínú mọ́tò, bóyá ó yẹ kí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì máa gba owó ìjọba nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní olè ni. Àwọn kan ní kí ọ̀dọ́ rí àyè. N kò tíì gbọ́ èyí tó bo ọ̀rọ̀ ìrẹsì ìyá mi mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn kì í ṣe ẹni tó jàre ni mo ń wá. Bẹ́ńṣì ni mo ń wá.

Ìwé dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì sọ bóyá òun tún ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kí ó fi ọwọ́ sí i, kí ó dá ìwé náà padà. Bàbá kò mọ ìwé, èmi ni mo ń kà á fún wọn, èmi náà ni mo ń kọ ọ́. Mo gbé e ka orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo mú kálàmù.

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní ṣé ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́?"

Bàbá jókòó lórí àga wọn, ọwọ́ lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ pé mo jókòó."

"Wọn ò béèrè ìjókòó, Bàbá."

"Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Mo kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sí i, mo kọ ọ́ pé ojoojúmọ́ ni, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà kí ó má bàa sí ẹni tó máa ní òun ò rí i. Mo wá ní, "Ó ti parí. Mo ti kọ ọ́ pé ẹ jókòó." Bàbá ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èrò mi ni pé ìjọba á ní kí wọ́n mú ọ̀kan, àgbàlagbà wo sì ni kò ní í mú ìjókòó? Wọ́n á padà sílé pẹ̀lú owó wọn, ẹ̀yìn wọn á sinmi, bẹ́ńṣì á ṣófo. N kò ní í tilẹ̀ la ẹnu mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àárín ìlú lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ ara mi fún wọn ní ìwé náà.

Ní òpin oṣù, Bàbá lọ gba owó. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àfẹ́sọ́nà mi yọ sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èérún pákó kún irun rẹ̀. Bàbá mi ni "ó" lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe àfojúdi, ibi tí Yorùbá rẹ̀ mọ nìyẹn.

Ó ní, "Wọn ò fún un lówó. Wọ́n ní tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó wá. Ó padà sí ibi iṣẹ́, ó ní kí n wá bá òun di igi mú."

"Igi kí ni?"

"Ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì. Ó ń so ẹsẹ̀ mọ́ ọn padà, kó lè dúró ṣiṣẹ́. Èmi ni mo di gbogbo ẹ̀ mú fún un, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó wò mí. "Mepaakyɛw, kí lo kọ sínú ìwé yẹn?"

N kò mọ̀ pé ó rọrùn fún ìjọba láti di owó mú ju kí ó rán ènìyàn lọ lé àgbàlagbà kúrò nídìí bẹ́ńṣì. Akọ̀wé tó ń san owó wà níbí, ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀ yẹn, èyí tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ló dá dúró. Fóòmàn ní tiẹ̀ kò bìkítà, férémù fèrèsé ló ń wá. Mo bú sẹ́kún lórí aṣọ oníbàárà. Ọkùnrin náà dúró, ó ń gbọn èérún pákó kúrò lórí. Kò bú mi. Ó tiẹ̀ sàn kó bú mi.

Kí oòrùn tó wọ̀, a gbọ́ ohùn Bàbá láti òpin àdúgbò. Wọ́n ń dáhùn ìkíni. Ẹlẹ́ja ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá ní òo, a dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́ náà. Aránbàtà kí wọn, wọ́n dáhùn. Àwọn tó ti kọ̀ láti máa kí wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí. Oṣù méje ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ tán láàárín títì sí ilé wa. Wọ́n wọlé, ẹ̀yìn wọn nà, wọ́n sì dúró láàárín àgbàlá.

Wọ́n ní, "Ìyá wọn, ẹ wá gbọ́. Akọ̀wé ní ìwé mi fúnra mi ló sọ pé mo ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ọmọ yìí kọ irọ́ fún mi, òótọ́ ló kọ. Kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ jẹ harámù." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Mo kọ́ ọmọ, ó gbẹ̀kọ́."

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n tún padà sídìí ẹ̀wà wọn. Wọ́n mọ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ààfáà. Lẹ́yìn ìrun, níwájú gbogbo àwọn tó jókòó ní àgbàlá Ààfáà, wọ́n sọ bí ọmọ wọn obìnrin ṣe gbà wọ́n lọ́wọ́ iná. Ààfáà tẹ́wọ́, wọ́n ṣe àdúà fún mi. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fi òótọ́ inú mi san mí lẹ́san, kí Ó fún mi ní ọkọ rere, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, láìpẹ́. Gbogbo àgbàlá ní àmín. Àfẹ́sọ́nà mi wà láàárín wọn. Mo gbọ́ àmín tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Wọ́n ń gbẹ́ èbúté tuntun ní Tema nígbà yẹn, ilé ń ṣẹ́ yọ níbẹ̀ lójoojúmọ́, káfíńtà kò sì tó. Ó lọ. Ó ní ọdún kan péré, òun á rí ibi tí òun á dúró, òun á wá rán àwọn ẹbí òun. Mo ní ó dáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wá ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó yá, ó di oṣooṣù. Nígbà tó tún yá, ó di ọdún iléyá. Ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Lọ sọ fún bàbá rẹ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ? Lẹ́yìn àdúà yẹn? Ọmọ olóòótọ́ ni mo ti dà ní gbogbo Sabon Zongo. Àwọn ìyàwó ilé tí n kò mọ̀ rí ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Ìyà orúkọ rere ni mo ń jẹ, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún.

Ọdún kejì ń lọ sópin nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé aṣọ wá fún mi. Léèsì ni, olówó ńlá. Kò jókòó. Ó ní bùbá àti ìró ni òun fẹ́, ọmọ òun ti rí ìyàwó ní Tema, àwọn ń lọ ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní, "Má bínú sí wa. Ọmọkùnrin ò lè máa dúró títí." Mo wọ̀n ọ́n. N kò fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́jọ́ náà. Mo rán an, kò sí ibi tó wọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tó wá gbé e lọ, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Bàbá níbi iṣẹ́. Wọ́n dúró nídìí bẹ́ńṣì, wọ́n ń fá pákó odum, ìyẹn ìrókò. Ibi tí wọ́n ti so ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì náà hàn kedere, igi tó wà lókè ti dúdú, èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣì pọ́n. Àwọn yòókù ti jáde lọ jẹun. Bàbá wò mí lójú, wọ́n béèrè ohun tó ṣe mí. Mo sọ pé ẹni báyìí ń gbéyàwó ní Tema.

Wọ́n ṣíwọ́. "Èyí tí mo kọ́ níṣẹ́? Ìwọ kọ́ ló fẹ́ fẹ́ ni?"

Mo ní èmi ni.

"Kí ló tiẹ̀ gbé e lọ sí Tema? Iṣẹ́ wà níbí."

"Kò sí bẹ́ńṣì, Bàbá."

Wọ́n wo yàrá náà, wọ́n ń wo bẹ́ńṣì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kà á, títí ojú wọn fi bọ́ sórí èyí tó wà níwájú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Èyí?"

"Fóòmàn ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ló ń dúró dè."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí o ń kọ ìwé yẹn, o ti mọ̀?"

Mo lè purọ́. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Mo ti mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn. Mo rò pé wọ́n á ní kí ẹ lọ sílé."

Wọ́n fẹ́ èérún kúrò lẹ́nu ìfági, wọ́n wo irin rẹ̀, wọ́n tún fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí èérún kankan níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní, "Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá dìde. Lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ni mo ń fi bẹ́ńṣì ṣe? Mo ní owó ìjókòó."

Wọn kò pariwo. Wọ́n padà sídìí pákó wọn. Mo gbé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bò ó dáadáa nítorí eruku. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ènìyàn kì í kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, wọ́n kọ́ mi nílé. Mo yíjú padà, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Mo dúró díẹ̀, mo rò pé wọn kò gbọ́ ni. Ìfági ti dákẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bàbá kò dáhùn.